Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé àti Òógùn Dáàmù

Bí ẹ bá dé ọjà Òkukù tí ẹ ń wá láfún tó funfun jù lọ, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sídìí igbá ẹlòmíràn, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, yóò sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Yóò kàn ní, "Ẹ ò rí i?" Bí ẹ bá sì bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe tirẹ̀ tó fi funfun báyẹn, yóò wo òkè, yóò ní, "Olúwa ló yé."

Ìyálé mi ni. Olóògbé Titus, ọkọ rẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, agboolé kan náà la sì jọ ń gbé, nítorí náà kò sóhun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ tí n kò tíì sọ lójú rẹ̀ rí. Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n bí i, bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ó ní igbe tí òun ké lọ́jọ́ náà borí ohùn àwọn akọrin. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé títí di òní, bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í gbóhùn àwọn akọrin bí Màmá bá wà níbẹ̀.

Abà Olómitútù là ń gbé. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà láti Òkukù, ẹ ó kọ́kọ́ rí ògiri gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, tí koríko ti bò, tó dá odò Olómitútù dúró kó tó sáré lọ bá odò Ọ̀tìn. Dáàmù wa nìyẹn. Àwọn òyìnbó ló ṣe é nígbà tí bàbá ọkọ mi ṣì jẹ́ àpọ́n, kí omi lè máa yí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè máa fún wa níná. Iná náà wá lóòótọ́. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ, ó tàn nílé àwọn òyìnbó, ó tàn nílé ìwòsàn kan, ó sì tàn lábà wa fún ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n fi ya fọ́tò. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kọṣẹ́, àwọn òyìnbó lọ, dáàmù wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò rántí ọ̀nà ilé. Abà wa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ní ìdí ògiri yẹn, lápá ibi tí igbó ewúro wà, omi kan ń yọ díẹ̀díẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Òógùn là ń pè é. "Ta ló máa ru irú ẹrù omi tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn tí kò ní làágùn?" ni Màmá máa ń wí. Òun ló kó àwa obìnrin jọ tí a gbẹ́ kòtò síbẹ̀ tí a sì to òkúta yí i ká. Ẹ̀gẹ́ tí a bá bó la máa ń rẹ síbẹ̀ títí yóò fi rọ̀, a ó wá sá a sórí ọ̀nà sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣe fún omi àkúnya, tí oòrùn máa ń pa bí agbada. Omi Òógùn mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, ẹ ó rí ihò abẹ́rẹ́ náà nísàlẹ̀. Láfún ẹ̀gẹ́ tí a bá rẹ síbẹ̀ kì í rùn, kì í sì í dúdú. Gbogbo òkìkí Màmá, láti Òkukù dé Ìníṣà dé Ìkìrun, inú kòtò yẹn ló ti ń jáde wá.

Iléeṣẹ́ tó ni dáàmù kò sì gbọdọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á dí i. Ọkọ Màmá ló ń ṣọ́ géètì dáàmù nígbà ayé rẹ̀, onínúure ènìyàn sì ni. Ó fẹ́ sọ fún wọn nígbà kan. Màmá bi í pé, "Titus, bí wọ́n bá dí ibẹ̀, ṣé inú fìlà rẹ ni mo máa rẹ ẹ̀gẹ́ sí?" Titus bọ́ fìlà, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú. Adéjàre ló gba iṣẹ́ rẹ̀. Adéjàre fẹ́ràn láfún.

Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ náà máa ń rán ènìyàn wá kí wọ́n wá yẹ ògiri wò. Bí jíìpù wọn bá ti yà lọ́nà Òkukù báyìí ni Adéjàre yóò ti fóònù wa. Gbogbo obìnrin abà yóò sáré lọ sídìí Òógùn, a ó da ìró bo igbó ewúro, a ó wọnú kòtò, a ó sì máa tami síra wa. Bí a bá ti gbúròó bàtà, Màmá yóò figbe ta: "Ta nìyẹn o? Obìnrin ń wẹ̀ níbí o!" Ọkùnrin tí wọ́n bá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ibi yòówù kó kàwé dé, yóò yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa," ni wọ́n máa ń wí, tí wọ́n á sì máa sáré kọsẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi bébà tó mú wá láti kọ ohun tó bá rí bojú. Wọn kì í tún padà wá títí di ọdún kejì. Àwa á sì dúró sínú omi, a ó máa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wẹ ìwẹ̀ ẹ̀tàn yìí, ìyẹn Mofolúwakẹ́. Ọmọ Ìníṣà ni, ìyàwó tuntun ni lábà wa, òun náà sì ń ṣe láfún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá sí Òógùn. Màmá ní kòtò ti kún. Kòtò kò kún. Mofolúwakẹ́ wo kòtò, ó wo Màmá, ó kúnlẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi omi kànga rẹ ẹ̀gẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Láfún rẹ̀ dára, kò kàn tó ti Màmá ni. Màmá sì máa ń rí i dájú pé gbogbo ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an ṣíwọ́ sísá fún un. Omi ẹ̀yìn dáàmù kún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ògiri. Ìgbà náà ni láfún Màmá ṣàdédé yí àwọ̀ padà. Ó wá dà bí aṣọ funfun tí wọ́n fi omi àgbàrá fọ̀. Bí a bá sì fi kan ẹnu, a ó gbọ́ yanrìn léyín.

Ìyá Ayọ̀midọ̀tun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Aládùúrà ni, láti Ìkìrun, ó sì ti ń ra láfún lọ́wọ́ Màmá láti ìgbà tí eyín àwọn méjèèjì ṣì pé lẹ́nu. Ó bu díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó fi ìka rà á, ó ní, "Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ṣé ẹ yan án ni?" Ó sì rìn kọjá lọ síwájú, ó lọ ra ti Mofolúwakẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kọ́kọ́ wọnú yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí, "Ìyá Dámilọ́lá, ejò lọ́wọ́ nínú."

Mo ní, "Bóyá òjò ni, Màmá."

"Òjò ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ta ni mo lé kúrò níbi omi? Láfún ta ló wá ń tà báyìí? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mofolúwakẹ́ ló ń lọ rú omi mi."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Màmá á gbé àpótí, á lọ jókòó sáàárín igbó ewúro, á máa ṣọ́ kòtò. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. A kò rí ẹnikẹ́ni. Lójú wa kòròkòrò báyìí ni omi ń yọ láti ìdí ògiri, tó ń ru erùpẹ̀ pupa bọ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ọmọbìnrin yìí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Màmá ní, "O ò rí i bó ṣe gbọ́n tó? Kò tiẹ̀ jẹ́ ká rí òun."

Ó wá ń bu omi náà sínú ìgò láràárọ̀, ó ń tò wọ́n sójú fèrèsé. Ẹ̀rí ló pè é. Nígbà tí fèrèsé kún, ó lọ fẹjọ́ sun Baálẹ̀ Mákánjúọlá, Baálẹ̀ sì dá ọjọ́. Mofolúwakẹ́ gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sọ fún mi lójú ọ̀nà kànga pé, "Ìyá Dámilọ́lá, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé èmi tí wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀, ṣé ẹ̀fúùfù ni mo fi ń rú u ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn gan-an ni fóònù dún. Adéjàre ni. "Wọ́n ti yà o! Ẹ ṣe kíá!"

A sáré. A da ìró sórí ewúro, a bọ́ sínú kòtò, a bẹ̀rẹ̀ sí í tami, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti rí bí omi ẹlẹ́dẹ̀, tí a sì ń fi ara mímọ́ lọ wẹ̀ ní ìdọ̀tí. Bàtà dún. Màmá fa ohùn yọ: "Ta nìyẹn o? Obìnrin ń wẹ̀ níbí o!"

Ohùn pẹ̀lẹ́ kan dáhùn lẹ́yìn igbó. "Ẹ kú ìwẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Obìnrin lèmi náà. Mò ń bọ̀."

Ẹnu ya gbogbo wa. Nínú gbogbo ọdún tí a ti ń wẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé wọ́n lè rán obìnrin wá. Mo rí àṣíborí pupa tó ń súnmọ́ wa láàárín ewé. Màmá nìkan ni kò gbọ̀n. Ó dìde láàárín omi, ó di ìró mọ́yà, ó ní, "Dúró síbẹ̀! Ṣé o ti lọ́kọ?"

"Mo ti lọ́kọ, mà."

"Háà! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo bèèrè. Opó là ń wẹ̀ fún níbí. Adélébọ̀ kì í fojú kàn án o, nítorí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀."

Bàtà dúró. Èmi tí ọkọ mi wà lóko lọ́wọ́lọ́wọ́, inú kòtò kan náà ni mo wà pẹ̀lú opó, omi sì dé mi ní àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. N kò mọ̀ ni. Ta ni opó náà, kí n bá wọn kẹ́dùn?"

"Èmi ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìgbà wo ni bàbá lọ?"

Màmá rò ó díẹ̀. Titus ti kú kí wọ́n tó kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, òrùlé náà sì ti ń jò báyìí. Ó ní, "Ojú ọgbẹ́ ò tíì jinná." Gbogbo wa wo ìsàlẹ̀ omi, nítorí ẹni tó bá wo ojú ẹnì kejì rẹ̀, ẹ̀rín ló máa tú àṣírí wa. Obìnrin náà tún ní ẹ pẹ̀lẹ́, ó ní òun á lọ dúró níwájú ilé Baálẹ̀ títí a ó fi ṣe tán, òun á wá yẹ ibẹ̀ wò.

Ká ní Màmá lọ sílé lọ jókòó lẹ́yìn èyí ni, bóyá ohun tí à bá máa sọ lónìí kò ní jẹ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà nílẹ̀, ìgò wà lójú fèrèsé, Màmá kò sì jẹ́ fi ẹjọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ilé Baálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìgò nínú abọ́, tó rí obìnrin náà lórí àga, tí káàdì iṣẹ́ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Alákọ̀wé ni. Kò mọ Ìníṣà, kò mọ Òkukù. Ta ló tún lè dájọ́ tó dọ́gba jù ú lọ?" Mo fà á láṣọ. Ó já a gbà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹnjiníà Adétóun ni obìnrin náà ń jẹ́, kò sì tíì dàgbà tó Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọmọ Màmá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Baálẹ̀ jókòó. Mofolúwakẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ sùn lẹ́yìn rẹ̀. Màmá to ìgò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ bí omi òun ṣe mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sọ bí ọmọbìnrin yìí ṣe ń lọ rú u, ó gbé ìgò kan fún Ẹnjiníà. "Ọmọ mi, ìwọ wò ó. Ṣé Ọlọ́run ló ṣe èyí, àbí èèyàn?"

Ẹnjiníà gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Ó mì í. Erùpẹ̀ gbéra, ó yí po, ó sì rọra ń balẹ̀. Ó mú òmíràn, ó mì í pẹ̀lú. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ lọ.

"Mà, níbo lẹ ti bu omi yìí?"

Èyí ni ìbéèrè tí Màmá kò rò ṣáájú. Bó bá dárúkọ Òógùn, àṣírí kòtò tú. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Nínú kànga ni."

Mofolúwakẹ́ ní, "Mo pọn kànga láàárọ̀ yìí, mà. Ó mọ́ gaara." Kò fi kún un. Ó mọ ibi tí omi náà ti wá bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́.

Màmá ní, "Nínú odò ni mo fẹ́ wí."

Baálẹ̀ ní, "Bọ́sẹ̀dé, odò Olómitútù ti wá di tìrẹ báyìí, tí ọmọ ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mà, n kò wá bá yín jà. Bí omi bá ń yọ lídìí dáàmù, tó sì mọ́, a ó máa ṣọ́ ọ ni, kò yẹ kó já wa láyà. Ṣùgbọ́n bó bá ń ru erùpẹ̀ báyìí, inú ògiri ló ti ń rù ú bọ̀. Ẹ ti rí ilé tí ikán wọ̀ rí. Ìta á dúró, inú á ti ṣófo. Bó bá jẹ́ ìdí dáàmù ni omi yìí ti wá, pẹ̀lú òjò tó rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lábà yìí lálẹ́ òní."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí pé inú omi yẹn ni mo ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra láàárọ̀, tí mo fẹ̀yìn ti ògiri yẹn gan-an. Síbẹ̀ n kò lè lanu, àwọn obìnrin tó kù náà kò lè lanu. Màmá ló dàgbà jù nínú wa, òun ló gbẹ́ kòtò, ojú rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Màmá kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ń wo Mofolúwakẹ́. Ilé Mofolúwakẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, etí odò, omi tó bá wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sùn lọ fọnfọn, orí rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i bó ṣe ń gbé ohun méjì wọ̀n, mo sì mọ ohun tó wà ní apá kan: gbogbo ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ ní ọjà Òkukù.

Ó rìn lọ síbi tí Mofolúwakẹ́ wà. Mo rò pé ó fẹ́ nà án ni. Ó na ọwọ́, ó gbé orí ọmọ náà tọ́, ó fún ọ̀já mọ́ ọn. Ó wá kọjú sí Ẹnjiníà.

"Dìde," ló wí. "Jẹ́ n lọ fi omi opó hàn ọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yá ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹnjiníà kúnlẹ̀ sídìí Òógùn, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí omi ti ń yọ, ó sì sáré gun òkìtì ọ̀gán lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A gbọ́ bó ṣe ń pariwo mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, mo sì rí i tí Màmá ń mirí, torí pé ohùn náà wù ú. Wọ́n ní kí a ṣí ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń tú omi sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn, láti ìgbà Titus ni wọ́n ti ṣí i gbẹ̀yìn. Adéjàre àti àwọn ọkùnrin abà da epo pupa sí i, wọ́n rọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí àdán, wọ́n ń fi orúkọ Jésù lọ́ ọ títí ó fi dún. Àwa tó kù di ẹrù, a gba òkè lọ sí Òkukù, sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan gbé tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan gbé adìyẹ. Màmá gbé àpò láfún kan ṣoṣo, èyí tó kù nínú àwọn tó ṣe kí omi tó bàjẹ́. Òun ló fi ṣe ìrọ̀rí ní gbogbo ìgbà tí a wà níbẹ̀, bó bá sì fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, á ní kí n wá jókòó lé e.

Nígbà tí omi fà, Ẹnjiníà mú wa lọ wo ẹ̀yìn ògiri. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ewúrẹ́ lè wọ̀ láì tẹrí ba. Mofolúwakẹ́ fa ọmọ rẹ̀ wá síwájú, ó dì í mọ́ra.

A padà sílé. Òógùn ti gbẹ. Kòtò sán, aláǹgbá ń sá eré nínú rẹ̀, wọ́n sì ní omi kò ní í kún ẹ̀yìn ògiri bẹ́ẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe, ìgbà tí ìyẹn yóò jẹ́, ìjọba ló mọ̀. Ọ̀gá kan wá láti iléeṣẹ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó gba abà là. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá gbọ́ ọ tán, ó bi í bóyá ọpẹ́ ṣeé fi rẹ ẹ̀gẹ́. Màmá náà ra dúrọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn kànga, ó ń kùn látàárọ̀ dalẹ́. Láfún rẹ̀ kò pupa mọ́. Kò sì funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá dà bí láfún gbogbo ayé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rí i tó ru àpò láfún funfun yẹn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Mofolúwakẹ́. Mo tẹ̀ lé e. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kì í ròyìn rẹ̀ fúnni.

Ó sọ àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mofolúwakẹ́, ọ̀rọ̀ omi yẹn."

"Ó ti tán, Màmá."

"Kò tíì tán. N kò tíì bẹ̀rẹ̀." Ẹnu tó ń borí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú jáde. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpò náà síwájú. "Gbà. Fi rokà fún ọkọ rẹ."

Mofolúwakẹ́ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Ìníṣà ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kì í tètè fi inú hàn.

Ọjọ́ ọjà pé. Mo jókòó ti Màmá, láfún dúrọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀. Mofolúwakẹ́ jókòó sí ọ̀kánkán wa, ó ṣí igbá rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó wà níbẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Màmá ní kó fi rokà. Kò sọ pé kó má tà á.

Ìyá Ayọ̀midọ̀tun dé láti Ìkìrun, ó dúró gbagidi níwájú igbá náà. "Háà! Láfún rèé o! Mofolúwakẹ́, báwo lo ṣe ṣe é?"

Mofolúwakẹ́ wo òkè. "Olúwa ló yé, mà," ló wí.

Ìyá Ayọ̀midọ̀tun bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rékọjá wá sọ́dọ̀ wa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, ó sì mí kanlẹ̀. "Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ẹ ò rí i?"

Mo rí i tí Màmá la ẹnu. Mo di igi àtíbàbà mú, torí mo mọ ohun tó wà nínú ẹnu yẹn. Ó wo òdìkejì. Ọmọ Mofolúwakẹ́ ti jí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò ó, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Màmá pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ó funfun," ló wí.

Láti ìgbà tí mo ti wọ agboolé wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé yin láfún tó wà nínú igbá ẹlòmíràn. Tirẹ̀ sì ni.